Ìyá Kan Ṣoṣo Ni Fọ́ọ̀mù Náà Fàyè Gbà

Ọ̀gá mi ń gbé ní Jámánì, èmi ń gbé ní Bódìjà. Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ kí a tó fojú kan ara wa. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe fíríìjì tó ń lo oòrùn, irú èyí tí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára níbi tí iná ìjọba kì í dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n rí i pé ẹni tí yóò máa tún un ṣe kò lè máa ti Jámánì wá. Ni wọ́n bá gba àwa méje síṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì háyà òkè ilé kan fún wa ní Ring Road. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: ìwé ìgbanisíṣẹ́, líìfù, ìlera, pẹ́ńṣàn, àti ìjà tí kì í wọ́n níbi tí èèyàn méje bá ti ń lo ẹ̀rọ amúlétutù kan ṣoṣo.

Kí n tó dé ibẹ̀, akọ̀wé ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Àgbọ̀wó fún ọdún mọ́kànlá. Bí èèyàn bá bèèrè líìfù níbẹ̀, ẹni tó ni ilé-ìwé á kọ́kọ́ wò ó látòkè délẹ̀, á wá ní, "Àbí iṣẹ́ ti sú ẹ ni?" Ìwọ fúnra rẹ á ká ìwé rẹ padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, wọ́n sì ní kí n máa dúpẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi kọ̀wé láti Jámánì pé kí n sọ ohun tí òfin orílẹ̀-èdè mi wí nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ fún òun, mo kàn jókòó ti kọ̀ǹpútà ni, mo ń wò ó. Mi ò mọ̀ pé òfin wí ohunkóhun.

Mo lọ bá lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta nínú ilé àtijọ́ kan, ìwé sì ti gba orí àga gbogbo débi pé ìdúró ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Ó yọ ìwé òfin kan jáde, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó ka èyí tó kàn mí.

"Ọmọ mi," ó ní, "òfin ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń darí rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ ò lè gbé òfin tiwọn sí àpò kí wọ́n wá fi ṣe ìjọba níbí. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: ohun tí òfin wa sọ ni kò gbọdọ̀ dín. Bó bá lé, òfin ò bínú."

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi lórí fídíò pé òfin wa ní ó kéré tán kí òṣìṣẹ́ gba líìfù ọjọ́ mẹ́fà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́fà lóṣù kan. Ó dáa."

Mo ní, "Rárá, Ma. Lọ́dún kan."

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. Ó pe ẹnì kan wọlé, wọ́n sọ èdè Jámánì díẹ̀, ó wá wọ jígí padà. "Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kí o kọ síbẹ̀," ó ní. "Àwọn tèmi níbí kò gbọdọ̀ máa sinmi kí ẹ̀yin máa ṣiṣẹ́."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní kí a fún obìnrin tó bá bímọ ní oṣù mẹ́rin pẹ̀lú owó oṣù tó pé. Ó ní kí bàbá ọmọ náà sinmi. Inṣọ́ránsì ìlera yóò wà fún òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kan àti ìyá rẹ̀ kan. Mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, inú mi ń dùn. Mo ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kọjá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ní ká máa pe òun lórúkọ. Kò sí ẹni tó lè ṣe é nínú wa. A ń pè é ní Ma, ó ń bẹ̀ wá ká yéé pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ó sú u, ó ń jẹ́. Mo rántí ìgbà tó ní kí n kọ gbogbo ọjọ́ ìsinmi ọdún tó ń bọ̀ ránṣẹ́. Mo kọ Kérésìmesì, mo kọ ọjọ́ òmìnira. Nígbà tí mo dé orí Ìtúnu Ààwẹ̀, mo kọ ọjọ́ méjì síbẹ̀, mo ní yóò bọ́ sí ọ̀kan nínú wọn. Ó bèèrè pé èwo. Mo ní, "Ó dọwọ́ òṣùpá, Ma." Ó ní ìgbà wo la máa mọ̀? Mo ní alẹ́ ọjọ́ tó bá ṣáájú ni. Nígbà tí èsì dé, gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀: "Ó dára. A ó máa wojú òṣùpá." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa kò gbàgbọ́. Oṣù mẹ́jọ kọjá, ẹnì kankan ò bèèrè fún líìfù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe rọra sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Mádàámù, pańpẹ́ ni. Ẹni tó bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí iṣẹ́ ò dúró, wọ́n ti mọ̀ pé wọn ò nílò rẹ̀ nìyẹn." Gbogbo wọn mi orí. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́, ó pàṣẹ pé èmi ni kí n kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó kù lè rí i pé n ó padà bá àga mi.

Bí mo ṣe dẹni tó ń sinmi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé. Lọ́jọ́ kejì mo to kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kẹta ọkọ mi ní, "Jọ̀ọ́, o ò ṣe lọ kí àwọn ìyá rẹ?" Mo wọ táksí lọ sí ilé wa ní Òkè Àdó.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Bàbá wa ti di olóògbé tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ṣì wà nínú ilé tó kọ́. Màámi ló bí mi. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ìyáálé ilé, ni ìyàwó tí bàbá wa kọ́kọ́ fẹ́. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ nínú ara rẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí Màámi bí ìbejì, àwọn ìbejì náà kò sì gbádùn rárá lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn; ọsibítù ni Màámi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé. Ìyá Àgbà wá gbé mi pọ̀n. Kò sọ̀ mí kalẹ̀ mọ́. Yàrá rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kírun, òun ló ń di irun mi, òun ló dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì kínní, tó sì dúró síbẹ̀ títí aago fi lù ká máa lọ sílé. Nígbà tí àwọn ìbejì lágbára tán, kò sẹ́ni tó rò ó pé kó dá mi padà. Ilé kan náà la wà, ìkòkò kan náà la ti ń jẹun. Ìyá mi méjèèjì ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹn, Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oòrùn kọjú sí i. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà." Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ obìnrin tó ń ránṣọ ní ojúlé kejì. Ó ní kó wọlé, kó wá jẹun.

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní, "Ìyá Àgbà, èmi ni."

"Háà! Ìwọ ni? Ohùn rẹ ni mi ò tètè mú. Kí lo wá ṣe níbí ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè? Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́?"

Ìgbà gbogbo ni mo máa ń wá ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú àwọn ọmọ, ariwo á ti sọ ẹni tó dé kí ẹnikẹ́ni tó wò wá. N kì í dá nìkan wá. Àfi ìgbà tí mo jókòó níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo rí i pé ó ń fi ọwọ́ wá ife kó tó gbé e, àti pé awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Màámi ní ó ti tó ọdún kan. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ," ó ní. "Wọ́n ní o ní ọmọ tó ò ń tọ́."

Lọ́jọ́ tí mo padà síbi iṣẹ́, àga mi wà níbi tí mo fi í sí. Gbogbo ọ́fíìsì wò mí bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹni mẹ́ta ti kọ̀wé béèrè líìfù. Èmi ní tèmi, mo ṣí fáìlì tí orúkọ mi wà nínú rẹ̀, mo wo fọ́ọ̀mù inṣọ́ránsì tí mo fi ọwọ́ ara mi kún. Bàbá: olóògbé. Ìyá: orúkọ Màámi. Àyè kan ṣoṣo ni. Màámi ń rìn láti Òkè Àdó dé Mọ́kọ́lá láìmí hẹlẹ, kò lo inṣọ́ránsì yẹn rí. Ẹni tí ojú ń dùn, òfin ò mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ìwé tó wà láyé, kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin yẹn jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí mo sọ fún ní ọ́fíìsì ní, "Ẹ kúkú pa orúkọ yẹn rẹ́, kí ẹ kọ tiwọn síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń yẹ ìwé gbogbo wọn wò. Èmi ni mo dá ìwé ọjọ́ ìbí ẹnì kan padà nítorí pé ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ ò bá ti ẹnu rẹ̀ mu. Mo pa fáìlì náà dé. Mo ní n ó wá nǹkan ṣe sí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn tí ọ̀rọ̀ awakọ̀ wa fi dé. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó ti wa ọkọ̀ èrò ní Ìwó Road fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wá bá wa, ó sì mọ gbogbo kòtò tó wà láti Ìbàdàn dé Ṣakí. Bàbá rẹ̀ kú nígbà òjò. Òfin iléeṣẹ́ wa fún ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá kú ní ọjọ́ márùn-ún. Ó lo ọjọ́ márùn-ún. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ti ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Mádàámù, bàbá mi ti jáde láyé."

Mo dìde. "Èèyà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjálù. Èwo nínú wọn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ilé wọn ni mo ti dàgbà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní mọ́tò."

Mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Jámánì, mo sì gbàgbé rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹnikẹ́ni lè béèrè nǹkan. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́hùn-ún kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bá awakọ̀ wa kẹ́dùn. Ó ní ṣùgbọ́n ìwé àwọn fi hàn pé bàbá ọkùnrin yìí ti kú lọ́dún yìí kan náà. Ó ní bóyá àṣìṣe wà níbì kan. Ó wá béèrè pé, bí kò bá sí àṣìṣe, bàbá mélòó ni ó ní?

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo tẹ èsì kan tó gbóná, mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi, nítorí mo rí i pé ìbéèrè gidi ni ọkùnrin náà béèrè, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí. Dípò kí n dá a lóhùn, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi, mo sì kọ ọ́ gùn. Mo ní nínú èdè tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá ni. Àbúrò bàbá mi, bàbá ni. A mọ ẹni tó bí wa, a ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí bíbí nìkan la ṣe ń fi orúkọ yẹn dá èèyàn lọ́lá. Mo ní ọkùnrin tí ó ń wa ọkọ̀ wa kò purọ́. Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ti èmi gan-an. Mo kọ nípa Ìyá Àgbà àti ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí, àti ojú rẹ̀, àti àyè kan ṣoṣo tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Ojú tì mí bí mo ṣe fi í ránṣẹ́. Mo rò pé ó máa dà bíi pé mò ń tọrọ.

Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ láti wo àwọn fíríìjì wa. Ṣé mo lè rí ìyá rẹ méjèèjì?"

Ó dé lóòótọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga, tó wọ bàtà tó dà bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ wa gbé wa lọ sí Òkè Àdó, gbogbo àwọn ìyá wa ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dúró: Ìyá Àgbà, Màámi, ìyàwó kẹta tí a ń pè ní Ìyá Kékeré, àti àbúrò bàbá wa obìnrin. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò. Ọ̀gá mi bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó rí mi tí mo kúnlẹ̀, ó gbìyànjú tirẹ̀, orúnkún rẹ̀ ró kàù, wọ́n pariwo kó dìde.

Ó ní kí n bi wọ́n pé ta ni ìyá mi nínú wọn.

Mo ní, "Wọ́n ní ta ni ìyá mi."

Ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi ni."

Kò sí ẹni tó ní kí n túmọ̀ ìyẹn. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ògiri mú. Nígbà tó mí délẹ̀, ó tún béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló bí mi. Màámi nawọ́ sókè.

"Èmi ni mo bí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí bó ṣe kọ́ ìrìn, mi ò sí níbẹ̀. Ìyáálé mi ni kẹ́ ẹ bi."

Ìyá Àgbà ní kí àlejò sún mọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ pa á lójú, ó pa á lórí. "Àlùhámúdù lílàhì," ó ní. "Obìnrin àgbà ni. Mo rò pé ọmọdé ni wọ́n ń fi jẹ ọ̀gá lọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná." Ọ̀gá mi jókòó tì í lórí ẹní, ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì, kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti Ìyá Àgbà àyàfi ìgbà tó fẹ́ jẹun.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ring Road, ọ̀gá mi yí sí mi. Ó wá ní, "Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Orí tábìlì ilé ìdáná mi ni mo ti kọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ." Ó yí sí awakọ̀ wa, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú nítorí ìbéèrè tí wọ́n béèrè nípa bàbá rẹ̀. Awakọ̀ wa ní, "Kò tọ́pẹ́, Ma," èyí tí kì í ṣe èsì ọ̀rọ̀ náà rárá, ṣùgbọ́n ó yé wọn.

Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà ní Dùgbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti kó ìwé kúrò lórí àga méjì. Ọ̀gá mi ní kó tún ibi tí a ti sọ ohun tí òbí jẹ́ nínú òfin iléeṣẹ́ wa kọ. Bàbá náà ronú, ó kọ, ó pa rẹ́, ó tún kọ. Ohun tó gbẹ̀yìn wá kà fún wa ni pé òbí ni àgbàlagbà tó bí òṣìṣẹ́ tàbí tó tọ́ ọ dàgbà, tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ.

Ọ̀gá mi ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin?"

"Ìyáàfin," lọ́yà dáhùn, "bí ẹ ò bá fi òpin sí i, gbogbo Ìbàdàn lẹ máa tọ́jú."

Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn oní-inṣọ́ránsì máa kọ̀. Wọ́n kọ̀ lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan. Lọ́yà wa kọ̀wé sí wọn pé agbanisíṣẹ́ ló ń sọ ẹni tí òun fẹ́ tọ́jú, bó bá ti lè san án. Ọ̀gá mi ní òun yóò san án. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó tiwa lọ́dọ̀ wọn ka ìwé tuntun náà níwájú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn síṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí a kún fọ́ọ̀mù tuntun. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Gbogbo wọn di fóònù mú, wọ́n ń pe ilé. Ẹnì kan ń kígbe pé, "Màmá, ọjọ́ orí yín mélòó?" a sì ń gbọ́ ìyá náà tó ń bèèrè pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe kọ bàbá mẹ́fà, mo ní kó lọ rò ó dáadáa kó yan. Obìnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa, tí kò mọ ìyá tàbí bàbá rí, tó sì ti dá fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ padà fún mi lófìfo, kọ orúkọ kan lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni, òun ló tọ́ ọ. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù náà, ó jáde lọ bọ́jú. Awakọ̀ wa gba ọjọ́ márùn-ún rẹ̀ padà, èyí tó ti mú nínú líìfù tirẹ̀ lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó fi wọ́n lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní Abẹ́òkúta.

Ìyá Àgbà ló wá di ìṣòro. Ó ní òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kankan. "Ohun tó yẹ kí n rí, mo ti rí i. Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Màámi ló mọ ohun tó sọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mo ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù? Ẹ̀ ń fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ẹ wá ríran, kẹ́ ẹ lè mọ iye tí mo ń bù."

Ìyá Àgbà yí sí mi. "Ìgbà wo ni wọ́n ní ká wá?"

Ní ọsibítù ojú náà, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba káàdì inṣọ́ránsì lọ́wọ́ mi. Láìwojú mi, ó ní, "Kí ni ẹ jẹ́ sí aláìsàn?"

Mo ní, "Ọmọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́. Mo ti lọ jókòó kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún, Màámi sì ń fi etí gèlè rẹ̀ nù mí lójú, ó ń sọ pé kí n má dójú ti ara mi níta.

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì náà, ó ní kí Ìyá Àgbà rọra la ojú. Ó ṣẹ́jú, omi bọ́ lójú náà, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo nọ́ọ̀sì. Ó wo Màámi. Ó wá yí sí mi, ó wò mí títí, èmi kàn ń rẹ́rìn-ín bí òpònú.

"O ti hu ewú!" ó ní. "Ìwọ! Ọmọ mi ti hu ewú, kò sẹ́ni tó sọ fún mi!"

Màámi ní, "Ẹ ò rí tèmi?"

"Tìrẹ, mo mọ̀ pé ó máa wà níbẹ̀."

Awakọ̀ wa ló wá gbé wa. Ọ̀gá mi ló ní kó wá, ó ti kọ̀wé sí i fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ gba ọ̀nà tó yá, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní kó gba àdúgbò Challenge, òun fẹ́ wo bí ibẹ̀ ṣe rí báyìí. Ó lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà nígbà kan tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, ó sì ti pẹ́ tí kò rí ìwé kà. Bí a ṣe wọ Challenge, ó fi orí sí wíńdò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sókè, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ka ti ẹni tó ń ta páànù. Ó ka ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka ti mọ́ṣáláṣí, ó ka ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbí. Èyí tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, á kà á bíi Yorùbá, Màámi á bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ wa rọra ń lọ kó lè parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn mọ́tò ń fun fèrè lẹ́yìn wa.

"Dúró, dúró," ó ní lójijì. "Ọ̀kan kọjá. Mi ò kà á tán."

Awakọ̀ wa wo ẹ̀yìn nínú díńgí, ó na ọwọ́ jáde láti bẹ àwọn tó wà lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà.